Títa òdòdó láì sọ Àjàṣẹ́ di ààtàn: ṣé ó ṣe é ṣe?

ỌmọKétu:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Kétu ni mo ti wá, mo kọ́ iṣẹ́ òdòdó ní Kutọnu fún ọdún méjì, mo sì fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, kí ọdún yìí tó parí. Ohun tí mo rí níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ ló ń kọ mí lóminú. Gbogbo ọjọ́ Ajé, àpò ìdọ̀tí mẹ́rin sí márùn-ún là ń kó jáde: ọ̀rá, múùsù tí a ń gún òdòdó sí tó ti rin, ròòsì tó ti kú. Ọ̀gá mi ní bí iṣẹ́ òdòdó ṣe rí nìyẹn, pé ẹni tí ọ̀rọ̀ àyíká bá ń dùn kó lọ ta ẹ̀fọ́. Ṣé òótọ́ ni? Àbí a lè ta òdòdó kí á má ba ilẹ̀ àti omi jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ inú ìwé dá mi lóhùn, ẹni tó ń ṣe é ni mo ń bi.

* * *

Olódòdó Wàndó:

Ọ̀gá rẹ kò purọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu òdòdó títà ní ọ̀nà Wàndó, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Èmi náà ti da àpò ìdọ̀tí nù tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tó ń fi ọmọlanke kó ìdọ̀tí ládùúgbò wa fi sọ mí ní Ìyá Jẹrà.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń sọ fún ọ. Èyí tó pọ̀ jù ní kí o fi ọ̀rá sílẹ̀, kí o ra bébà. Àwọn mìíràn ní òdòdó ilẹ̀ wa nìkan ni kí o máa tà. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí o gbé sólà sórí òrùlé, bíi pé owó sólà wà nílẹ̀ tó ń dúró dè ọ́. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ọ́ pé kí ló wà nínú àpò mẹ́rin sí márùn-ún yẹn gan-an.

Èmi wò ó. Lọ́dún kẹta tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo to korobá mẹ́ta sẹ́yìn ilé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀kan fún ọ̀rá àti bébà, ọ̀kan fún múùsù, ọ̀kan fún òdòdó àti ewé. Nígbà tó fi máa di Sátidé, ti ọ̀rá kò tíì kún, ti múùsù dé ìdajì, àmọ́ ti òdòdó, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti dà á nù. Mo da ìkẹfà sílẹ̀, mo fi igi tú u. Mo rò pé ewé àti ìdí igi tí a gé kúrò ló máa pọ̀ níbẹ̀. Rárá o. Odidi òdòdó ni, tí orí rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, tí mo fowó mi rà tí ẹnikẹ́ni kò rà lọ́wọ́ mi.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Òdòdó tí a kò tà ló ń ba nǹkan jẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹnì kan ti bomi rin ín, ó ti fín oògùn sí i, wọ́n ti fi òtútù tọ́jú rẹ̀, ó ti wọ bàálù, ó ti gun ọkọ̀ láti Kutọnu, kó tó wá jẹrà sí ẹ̀yìnkùlé mi. Bí o bá fi ewé wúrà dì í, ìyẹn kò lè dá omi àti epo tó ti bá a lọ padà.

Nítorí náà, kí o tó ra bébà, ra ìwé àkọsílẹ̀. Kọ iye igi tí o rà, iye tí o tà, iye tí o dànù àti ọjọ́ tó jẹ́. Ṣe é fún oṣù kan péré. Ìwé mi ọdún yẹn fi hàn pé ọjọ́ Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè, n kì í tà ju búkẹ̀ (ìdì òdòdó) méjì lọ, síbẹ̀ mo ń ra òdòdó bíi pé ọjọ́ Sátidé ni.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ọjọ́ olólùfẹ́, torí ọ̀rọ̀ kì í dùn ká má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Ọdún kan, mo gbé irinwó ròòsì pupa lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wọlé. Ojú kòkòrò ni, ẹ má sọ fún mi. Ọdún tó ṣáájú, ròòsì tán lọ́wọ́ mi ní aago méjìlá ọ̀sán, mo sì búra pé kò ní tán mọ́. Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n dé, mo kó gbogbo wọn sínú fìríìjì ńlá. Lóru ọjọ́ kẹtàlá iná lọ. Kò dé títí aago mẹ́wàá àárọ̀. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, òórùn gbígbóná kan bíi ti omi ẹ̀fọ́ àná ló kọ́kọ́ kí mi. Ọrùn ròòsì ti tẹ̀, gbogbo wọn dorí kodò bí ọmọ iléèwé tí wọ́n bá wí. Àádọ́jọ ni mo rí tà nínú wọn, ìyókù di ti ìyá ewúrẹ́ aládùúgbò mi. Ewúrẹ́ náà kò tiẹ̀ jẹ ẹ́ tán.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba owó ìlàjì sílẹ̀ fún ọjọ́ ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ ròòsì ní ọjọ́ olólùfẹ́ kó wá sọ ṣáájú ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì. Ẹni tó bá já wọlé lójijì, ohun tó bá wà nílẹ̀ la máa fi dì fún un. Àwọn kan bínú lọ. Púpọ̀ nínú wọn padà wá.

* * *

DékọÀjàṣẹ́:

Ìyá, ẹ sọ tòótọ́ o. Ọ̀rọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ti múùsù ńkọ́? Ẹ má tan ọmọ náà. Kò sí bí a ṣe fẹ́ to òdòdó sórí tábìlì ọkọ àti ìyàwó láìlo múùsù. Àwọn tó ń sọ pé ká jù ú nù, wọn kò ṣe ìgbéyàwó tó ní ọgbọ̀n tábìlì rí.

Olódòdó Wàndó:

Ọmọ mi, mo ti ṣe tábìlì ogójì láìlo ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún ọ, ó gba àkókò.

Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n: múùsù ni bíríkì aláwọ̀ ewé fúyẹ́fúyẹ́ yẹn, tí a máa ń rì sómi kó mu ún yó, tí a wá ń fi igi òdòdó gún. Smithers, ará Amẹ́ríkà kan, ló mú un jáde ní 1954. Ike ni, ẹ má jẹ́ kí rírọ̀ rẹ̀ tàn yín. Fi ìka rẹ fún un, ó máa di lẹ́búlẹ́bú, lẹ́búlẹ́bú yẹn kì í sì jẹrà. Tí o bá fọ korobá rẹ sẹ́nu gọ́tà, ọ̀sà ló ń lọ, ẹja tí a ó rà lọ́jọ́ kejì ló ń lọ bá. Ní 2019, àwọn onímọ̀ yunifásítì RMIT ní Ọsirélíà gbé àyẹ̀wò kan jáde: àwọn ẹran inú omi ń gbé lẹ́búlẹ́bú náà mì, oje tó sì ń jáde lára rẹ̀ ń pa wọ́n lára. Èyí tí wọ́n ń polówó pé ó ń jẹrà náà wà nínú ohun tí wọ́n yẹ̀ wò, òun náà ń di lẹ́búlẹ́bú ike. Ẹgbẹ́ RHS tó ń ṣe àfihàn òdòdó Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù lé múùsù kúrò ní gbogbo àfihàn wọn láti 2021. Tí àwọn yẹn bá lè to òdòdó lójú ayé láìlò ó, tábìlì ọgbọ̀n kò lè pa wá.

Kí ni mo fi rọ́pò rẹ̀? Wáyà ọgbà adìẹ ni àkọ́kọ́. Gé e, ká a bí bọ́ọ̀lù, tì í sínú ìkòkò amọ̀, da omi sí i. Wáyà kan náà ni mo ti ń lò láti ọdún márùn-ún, mo kàn ń fọ ìpẹtà rẹ̀ ni. Ọjà Àjàrá ni mo ti ń ra ìkòkò, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń mọ ọ́n fúnra wọn, mo sì máa ń sọ fún wọn kí ẹnu rẹ̀ fún díẹ̀, kí òdòdó lè rí ibi fara tì.

Èkejì ni ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gé e tó ìwọ̀n apá láti ìgbúnwọ́ dé ọwọ́, fi ọ̀bẹ bó èyí tó ti gbẹ lára rẹ̀, gbé e sùn sórí àwo, fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò sí i kí o tó ti òdòdó bọ̀ ọ́. Omi inú rẹ̀ tó wọn títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn àríyá, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, tàbí ilẹ̀ á jẹ ẹ́.

Àmọ́ gbọ́ o. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ìgbéyàwó kẹta tí mo lò ó fún, n kò jẹ́ kó dá tán kí n tó gbé e sórí aṣọ tábìlì funfun tí ìyá ìyàwó yá láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Nígbà tí a gbé àwo kúrò, àmì dúdú roboto mẹ́jọ ló kù sílẹ̀. Ọṣẹ kò yọ ọ́, jáfẹ́lì kò yọ ọ́, ẹ̀bẹ̀ pàápàá kò yọ ọ́. Aṣọ mẹ́rin ni mo san. Nísinsìnyí, ní alẹ́ tó ṣáájú ni mo ti ń gé ìtì mi, mo ń gbé e dúró lórí igi kí oje rẹ̀ ro tán, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fi iná yan díẹ̀ ni mo sì ń tẹ́ sábẹ́ àwo.

Kí ó má baà jẹ́ pé mo fi apá kan pamọ́: tí òdòdó bá máa wà lára ọkọ̀, tàbí tó máa kọ́ sára ògiri, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wúwo jù. Wáyà àti ewé tí a fi omi rin ni mo ń lò níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń pẹ́ ní ìlọ́po méjì. Owó iṣẹ́ ni mo fi kún un. Oníbàárà tí kò bá fẹ́ san án, mo ń júwe ọ̀nà ilé ìwọ DékọÀjàṣẹ́ fún un.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá. N kò ní pẹ́ níbẹ̀, torí òfin ti sọ tirẹ̀. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 2017 ni ìlú Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin nọ́ńbà 2017-39, tó ní a kò gbọ̀dọ̀ ṣe ọ̀rá tí kì í jẹrà, a kò gbọ̀dọ̀ kó o wọlé, a kò gbọ̀dọ̀ tà á, a kò gbọ̀dọ̀ lò ó. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, gbogbo wa sì mọ ohun tó ń lọ lọ́jà.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ Yorùbá ń béèrè ohun tí a máa fi di nǹkan. Àwa tí a ń fi ewé di èkọ, tí a ń fi ewé di mọ́ínmọ́ín, tí a ń fi ewé di obì! Ewé eéran fẹ̀, ó ń dán, kì í ya. Ewé tíìkì wà ní Kétu yín lọ́hùn-ún bí ilẹ̀ bí ẹní, ìwọ ọmọ Kétu, má jẹ́ kí n kọ́ ọ. Kìkì pé èyí tó kéré nínú rẹ̀ máa ń yọ àró pupa tí o bá rún un, torí náà èyí tó ti gbó ni kí o lò, kí o má sì fún un mọ́ ọwọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ewé eéran di búkẹ̀ fún ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ kóòtù, ó wò ó, ó wò mí, ó ní: "Màdáàmù, ṣé òdòdó ni àbí àkàsà?" Mo rẹ́rìn-ín, mo tú u, mo fi bébà dì í fún un. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé bí a ṣe dì í ló ń mú un lẹ́wà ju ohun tí a fi dì í lọ. Mo ń fi okùn ìko so ó lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń jẹ́ kí ìdí ewé yọ díẹ̀ lókè bí etí gèlè. Ọ̀gbẹ́ni kan náà padà wá lóṣù kẹta, ó ní ti àkàsà yẹn ni ìyàwó òun ń béèrè.

* * *

AráSábẹ̀ẹ́:

Ẹ ń yí ọ̀rọ̀ po. Kí wọ́n má kó òdòdó wọlé mọ́, ó parí. Ohun tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá ló ń ba ayé jẹ́, ohun tó bá hù níhìn-ín ló mọ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni.

Olódòdó Wàndó:

Bàbá, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n n kò gbà.

Ní 2007, yunifásítì Cranfield ní Ìlú Ọba fi ròòsì Kẹ́ńyà wé ti Họ́láńdì, ẹgbẹ̀rún 12 igi ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ti Kẹ́ńyà, pẹ̀lú bàálù tó gbé e dé Ìlú Ọba, tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó tọ́ọ̀nù 2.2 jáde. Ti Họ́láńdì, tó wà nítòsí wọn níbẹ̀, tú tọ́ọ̀nù 35 jáde. Òtútù ni ìdí rẹ̀: ilé gíláàsì ni wọ́n ti ń gbìn ín, wọ́n sì ń dáná sí i kó lè hù, nígbà tí oòrùn ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Kẹ́ńyà. Jíjìn nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Fún àwa ará Àjàṣẹ́, èyí kò túmọ̀ sí pé kí a máa ra ròòsì gbé. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé oòrùn tí àwọn yẹn ń wá kiri wà lórí wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n pé nǹkan hù níhìn-ín kò sọ pé ó mọ́. Mo lọ sí oko òdòdó kan lọ́nà Sàkété, ẹni tó ni ín ń fín oògùn òwú sí ìlà òdòdó rẹ̀ láì bo imú, kànga tí wọ́n ń mu kò sì tó ogún ẹsẹ̀ sí ibẹ̀. N kò rà á. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fín, ẹ béèrè ibi tí omi rẹ̀ ti ń wá. Tó bá ń yẹra fún ìbéèrè náà, ẹ ti gba èsì.

Àwọn tí mo ń tà nísinsìnyí ni helikóníà, jíńjà pupa, antúríọ̀mù, ewé kírótónù, màrìwò, àti pèrègún. Ẹ má fi pèrègún ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwọn kan ní ti ojúbọ ni, pé àwọn kò fẹ́ ẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dá wọn lóhùn pé àwọn aláwọ̀ funfun ń gbé e sí pálọ̀ wọn lówó gọbọi. Ó ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú omi, nígbà mìíràn ó máa ń ta gbòǹgbò, oníbàárà á sì lọ gbìn ín.

Ohun mìíràn, ibi tí ẹ̀kọ́ Kutọnu ti ń ṣi ọmọ lọ́nà nìyí: wọ́n kọ́ wa pé òdòdó gbogbo, fìríìjì. Ròòsì ló fẹ́ òtútù dígíírì 2 sí 4 ti Celsius. Helikóníà àti antúríọ̀mù, ọmọ ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n, tí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ 10, ara wọn á dúdú. Mo pa wọ́n báyìí ní ọdún méjì àkọ́kọ́, mo ń bú ẹni tó tà á fún mi. Nísinsìnyí, igun ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn kì í dé, aṣọ tútù lórí wọn, omi tuntun láràárọ̀, ó tó. Mo ta fìríìjì ńlá náà, mo ra kékeré kan. Owó iná mi wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ẹni tó ní kí o ra sólà, kó kọ́kọ́ bá ọ pa iná tí o kò nílò.

Àti ohun kan tí kò ná kọ́bọ̀: má gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tàbí máńgòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó. Èso tó ń pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń mú òdòdó gbó kíákíá. Ọmọ iṣẹ́ mi kan máa ń tọ́jú máńgòrò rẹ̀ sínú fìríìjì òdòdó. Oṣù méjì ni mo fi ń wá ẹni tó ń ṣe mí.

* * *

AráSábẹ̀ẹ́:

Mo gbọ́ ti Kẹ́ńyà. Òdòdó ike ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa ní Sábẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan la rà á fún sàréè bàbá wa, ó ti lo ọdún mẹ́rin. Kò mu omi, kò wọ bàálù, kò kú. Ṣé ìyẹn kò wá dára ju tiyín lọ?

Olódòdó Wàndó:

Ìbéèrè gidi lẹ bi yìí, Bàbá, ó sì ká mi lára, torí èmi náà ń tà á tẹ́lẹ̀.

Tó bá wà nínú ilé, tí ẹ ń nù ún, tó lo ọdún mẹ́wàá, n kò ní bá yín jà. Níta, nínú oòrùn, ìtàn mìíràn ni. Ẹ lọ sí itẹ́ òkú lẹ́yìn ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, nígbà tí àwọn Kátólíìkì bá ti ṣe ọdún òkú tán. Ẹ máa rí kùrọ́ọ̀nù ike, òrùka òdòdó orí sàréè, tí pupa rẹ̀ ti di funfun, tí ewé rẹ̀ ń já wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn ń gbé e kiri. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó ń fọ́. Ibi tó ń fọ́ lọ ni ibi tí múùsù ń lọ.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí: ìtàkùn ni mo fi ń ká òrùka kùrọ́ọ̀nù, mo ń fi màrìwò hun ún lára, mo sì ń ti òdòdó àti ewé bọ inú rẹ̀. Kò sí ike níbẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ. Tó bá gbẹ tán, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn àgbà kan tó wá ra ti ìsìnkú tiẹ̀ sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nígbà èwe wọn. Ìgbà tí ike dé ni a gbàgbé.

* * *

Ẹnì kan fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀: ewé orí ọ̀sà tó yọ òdòdó aláwọ̀ bíi ti omi aró tí a bù wàrà sí. Ó ní kí ló dé tí a kò gé e tà, nígbà tó bo ọ̀sà Àjàṣẹ́ mọ́lẹ̀ ní gbogbo àkókò omi.

Èyí tí àwọn Faransé ń pè ní jacinthe d'eau ni. Kì í ṣe ojú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà. Nínú àdúrà wa, ojú oró ni í lékè omi. Ní ọ̀sà wa, àlejò láti Gúúsù Amẹ́ríkà yìí ti lékè ojú oró fúnra rẹ̀, ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọlọ́kọ̀ àti apẹja, àfi tí omi iyọ̀ bá wọlé ní ẹ̀ẹ̀rùn tó pa á. Mo gé e wò. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti rọ. Kò sí nínú òdòdó títà. Ẹ má sì gbé e lọ sí odò mìíràn nítorí ẹwà rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe ń tàn kálẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ ni. Songhai, oko ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níhìn-ín ní Wàndó, tí Fadá Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ti ń sọ ọ́ di ajílẹ̀ tipẹ́. Mo lọ wò ó níbẹ̀, mo sì ṣe kékeré tèmi sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù: ewé ọ̀sà ní ìpele kan, ìdí òdòdó tí mo gé nù ní ìpele kejì, ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ àti eérú, mo ń fi ṣọ́bìrì yí i po lọ́sẹ̀ méjì méjì. Oṣù mẹ́ta, ó ti dúdú, kò rùn mọ́. Inú rẹ̀ ni pèrègún mi ń hù.

DékọÀjàṣẹ́:

Ṣé ẹ ń kó ròòsì òkè òkun sínú ajílẹ̀ yẹn náà?

Olódòdó Wàndó:

O mú mi níbẹ̀. Mo ń kó o sí i tẹ́lẹ̀, mo sì fi ajílẹ̀ náà gbin ẹ̀fọ́ jẹ. Ìgbà tí mo gbọ́ pé àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù yẹ búkẹ̀ 90 tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù wò, tí wọ́n gbé e jáde ní 2016 pé oríṣi oògùn 107 làwọn bá lára wọn, ni mo dáwọ́ dúró. Òkìtì ajílẹ̀ méjì ni mo ní báyìí. Ti òdòdó àtòkèèrè ń lọ sí ìdí òdòdó nìkan. Ti ilẹ̀ wa, tí mo mọ ẹni tó gbìn ín, ń lọ sí ìdí ẹ̀fọ́. Mo sì ń wọ ìbọ̀wọ́ tí mo bá ń ṣa ẹ̀gún ròòsì, ohun tí n kò ṣe rí fún ọdún méje.

* * *

ỌmọKétu:

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá. Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, owó ńkọ́? Ṣé ẹni tó ń ta pèrègún àti ewé eéran lè san owó ṣọ́ọ̀bù ní Àjàṣẹ́? Ọ̀gá mi ní ẹni tó bá fẹ́ ná 15,000 sẹ́fà fẹ́ rí ròòsì.

Olódòdó Wàndó:

Ọ̀gá rẹ tún sọ òótọ́ ìdajì. Àwọn kan wà tí wọn kò ní ra ohun tí kì í ṣe ròòsì, mo ṣì ń tà á fún wọn, èyí tí wọ́n bá ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. N kì í ṣe ẹni mímọ́.

Ṣùgbọ́n jẹ́ ká ṣírò. Ròòsì kan ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní 800 sẹ́fà. Tí mo bá ra ogún, tí mo dà mẹ́fà nù, àwọn mẹ́rìnlá tó kù ló máa gbé owó mẹ́fà yẹn. Helikóníà kan, 250 sẹ́fà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń gbìn ín lójú ọ̀nà Àjàrá, ó ń lo ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyọ márùn-ún pẹ̀lú kírótónù àti màrìwò ti kún inú ìkòkò. Mo ń ta ìkòkò náà ní 7,000. Mo ń gba 1,000 mìíràn lórí ìkòkò fúnra rẹ̀, tí màá dá padà tí wọ́n bá dá a padà. Nínú mẹ́wàá, bíi méje ló ń padà, àwọn tó bá sì wá dá ìkòkò padà kì í sábà lọ lọ́wọ́ òfo.

Ibi tí ó ti máa dùn ọ́ ni ọdún àkọ́kọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí òdòdó kò kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dà bí èyí tó fẹ́ kógbá sílé, àwọn èèyàn á máa wò ọ́ tàánú-tàánú. Mo fi ìkòkò pèrègún àti ti kírótónù tó ń hù nínú ilẹ̀ kún iwájú tèmi, tí kò ní kú tí ẹnikẹ́ni kò bá rà á lónìí. Ó jọ ọgbà. Àwọn ọmọ iléèwé ń wá ya fọ́tò níbẹ̀.

Ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ àti DékọÀjàṣẹ́, mo ní ìgbéyàwó ní Sátidé tó ń bọ̀, tábìlì méjìdínlógún, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa gé e, kí oje lè ro mọ́jú. Ẹ wọ aṣọ dúdú wá, kí ẹ sì mú ọ̀bẹ yín lọ́wọ́. N kì í yá èèyàn ní ọ̀bẹ.